Ọmọ Ajá Nínú Òjò Dídì: Ìtàn Togo, Ajá Nome

Ẹni tí ó bá ti gbé Jọ́ọ̀sì, Kánò tàbí Màídúgùrì pẹ́ yóò ti mọ ohun tí òtútù ń jẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé ní oṣù Kejìlá, tí ètè bá ń là, tí gìgísẹ̀ sì ń ya bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn pa, àwọn ajá àdúgbò pàápàá kì í fẹ́ kúrò ní ẹ̀bá ààrò. Wọn a ká jọ bí òṣùká, wọn a sì ki imú bọ abẹ́ ìrù. Síbẹ̀, ọyẹ́ kì í sọ omi inú odò di ohun tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Yìnyín tí ń bá òjò rọ̀ lórí òkè Jọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì wà fún ìgbà díẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé a ṣà á jẹ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi yọ́ tán.

Òjò dídì tí àwọn tí ń ka Bíbélì Yorùbá ti mọ orúkọ rẹ̀ láti kékeré yàtọ̀ sí èyí. Kì í lu páànù bí yìnyín, kì í sì í ṣàn bí òjò. Ìkùukùu tí ó tutù gan-an ni ó ń bí i: ìrì inú rẹ̀ a dì ní wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì ya ẹ̀ka mẹ́fà bí ẹni fi abẹ́ gé e. Bí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀ kò ní ariwo, àfi bí òwú tí atẹ́gùn gbọ̀n lulẹ̀ lórí igi àràbà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán tí ó há sáàárín àwọn ẹ̀ka náà. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbé ohùn mì, tí gbogbo àdúgbò a fi dákẹ́ rọ́rọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rọ̀. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi lè ṣe ẹranko ní ẹ̀wù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an tutù.

Nínú irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ajá tí wọ́n bí ní ìgbà ooru, tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Àgbàlá tí ó mọ̀ ti pòórá. Kòríko kò sí mọ́, ihò tí ó gbẹ́ lánàá kò sí, igi tí ó máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè sí lára ti yí àwọ̀ padà. Ọmọ ajá náà a na ẹsẹ̀ kan, a sì fà á padà bí ẹni tẹ eérú gbígbóná. Yóò wo ojú olówó rẹ̀, yóò tún nà án. Yóò ki imú bọ̀ ọ́, òjò dídì yóò wọ ihò imú rẹ̀, yóò sín. Yóò bù ú jẹ, ohun tí ó gé jẹ yóò di omi lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tí ẹran náà gbà. Lẹ́yìn èyí ni òmíràn nínú wọn a padà sínú ilé, tí kò ní fẹ́ jáde mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù a fò sókè, wọn a máa sáré yípo yípo bí ẹni tí ìlù gùn, wọn a fi àyà túlẹ̀, wọn a sì máa gbó ohun tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Imú ni ajá fi ń ka ayé. Lójú rẹ̀, àgbàlá tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó kàn funfun lásán. Bí ìwé tí wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ ni ó rí, nítorí pé òórùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbéra nílẹ̀ nígbà tí òtútù bá mú. Ó di dandan fún un láti gbẹ́ ilẹ̀, kí ó ki orí bọ̀ ọ́, kí ó wá ohun tí ó farasin. Ẹni tí ó bá rí i lókèèrè lè rò pé ó kàn ń ṣeré, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀mọ̀wé méjì ará Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ajá ní ìpínlẹ̀ Maine láti mọ ìwà wọn, tẹ ìwé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1965. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjìlá lẹ́yìn ìbí ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù. Ohun tí ó bá bá pàdé ní àkókò náà, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹran mìíràn, ni yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ará ilé. Ohun tí ó bá wá lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa fura sí. Àwọn tí ń sin ajá ní ilẹ̀ òtútù kì í fi èyí ṣeré, nítorí náà wọn a jẹ́ kí ọmọ ajá tètè fi ẹsẹ̀ mọ òjò dídì, kí ìbẹ̀rù tó gbilẹ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ ajá kò wọ bàtà, síbẹ̀ kò dì gbagidi. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bọ̀ láti inú ara, àti àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ tútù padà, ni wọ́n fara kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí nínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ooru inú èyí tí ń bọ̀ a ré kọjá sínú èyí tí ń lọ, tí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó padà dé àyà. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá yẹ ẹsẹ̀ ajá wò, tí wọ́n sì ṣàlàyé ètò yìí ní ọdún 2011. Ní ti àwọn ajá ilẹ̀ òtútù paraku, irun méjì ni wọ́n ní: èyí tí ó gùn ní òde, àti èyí tí ó kún múlọ́múlọ́ bí òwú ní abẹ́ rẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a ká jọ, wọn a fi ìrù bo imú, wọn a sì jẹ́ kí òjò dídì bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí aṣọ.

Kì í ṣe gbogbo ajá ni a dá báyìí o. Ajá onírun kúkúrú bí irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, tàbí Basenji tí àwọn òyìnbó mú láti ilẹ̀ Kóńgò dé Bìrìtìkó ní àwọn ọdún 1930, kò lè sùn síta bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù ni wọ́n ń dá fún un. Ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò sì lè gbọ̀n láti mú ara rẹ̀ gbóná rárá ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ibi yòówù kí baba ńlá rẹ̀ ti wá. Àyà ìyá rẹ̀ nìkan ni iná tí ó ní. Àwọn ewu mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó dá wọn sílẹ̀: iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì ìlú ńlá kí yìnyín lè yọ́ a máa bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá, oògùn tí wọ́n ń bù sínú omi ọkọ̀ kí ó má bàa dì sì dùn lẹ́nu ẹran, bẹ́ẹ̀ májèlé gidi ni.

Nínú gbogbo ajá tí òjò dídì sọ di ẹni àpéwò, ọ̀kan wà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìsàn àti ìkọ̀sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Togo. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Togo, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ń gbé ní agbègbè Atakpamé, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Japan tí ó ṣẹ́gun Rọ́ṣíà ní ọdún 1905, Tōgō Heihachirō, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní agbègbè Nome, ìlú awawúrà kan tí ó wà ní etí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Alaska. Olówó rẹ̀, Leonhard Seppala, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ti dé ibẹ̀ láti ọdún 1900 nítorí wúrà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ajá ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní ilẹ̀ yẹn, tí òjò dídì bá ti bo ọ̀nà, kò sí mọ́tò tí ń rìn. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ onígi tí kò ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lò. Ọ̀wọ́ ajá ni ó ń fà á, awakọ̀ a dúró lẹ́yìn, ajá aṣíwájú a sì máa gbọ́ àṣẹ rẹ̀ láti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Irú ajá tí Seppala ń sìn, Siberian Husky, ọ̀dọ̀ ẹ̀yà Chukchi ní ìlà oòrùn Rọ́ṣíà ni ó ti wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn dé Nome fún eré ìje ní ọdún 1909, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé eku ni wọ́n, nítorí pé wọ́n kéré sí àwọn ajá ńláńlá tí wọ́n ti mọ̀.

Togo tilẹ̀ tún kéré láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní eku. Irun rẹ̀ jẹ́ dúdú, pupa rẹ́súrẹ́sú àti eérú pọ̀, tí ó fi máa ń dà bí ẹni tí kò wẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ wú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ìyàwó Seppala ni ó sì ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún un títí ó fi yè. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wàhálà ni ó gbà ṣe. Seppala wò ó títí, ó ní kò lè wúlò fún iṣẹ́ ọkọ̀ fífà, ó sì fi í ta obìnrin kan lọ́rẹ nígbà tí ó pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ó lè máa fi í ṣe ajá inú ilé.

Ìtọ́jú rere ni ó rí níbẹ̀. Oúnjẹ wà, iná wà, ibùsùn múlọ́múlọ́ wà. Ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ọmọ ajá yìí fi la gíláàsì fèrèsé kọjá, tí ó fò síta, tí ó sì sá ọ̀pọ̀ kìlómítà padà sí ọgbà Seppala. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá a máa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí gbọ́ fèrè tí ẹnikẹ́ni kò fọn sí i. Seppala kò tún lé e mọ́.

Síbẹ̀ kò fi í sínú iṣẹ́. Bí ó bá ti ń di ajá mọ́ ọkọ̀, Togo a já jáde nínú ọgbà, a máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́ náà, a sì máa yọ àwọn àgbà ajá lẹ́nu. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ lọ́nà, òun ni yóò kọ́kọ́ kọlù wọ́n. Ní ọjọ́ kan, ó kọlu ọ̀wọ́ ajá Malamute, irú èyí tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì, wọ́n sì fà á ya débi pé inú ọkọ̀ ni wọ́n gbé e sí darí sílé. Láti ọjọ́ náà, kò tún súnmọ́ ọ̀wọ́ àjèjì mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún un ju bí ẹnikẹ́ni ti lè rò lọ, nítorí pé ajá aṣíwájú tí ó bá ń yà fún ọkọ̀ tí ń bọ̀ láìbá wọn jà ṣọ̀wọ́n, olówó wúrà kò sì lè fi owó rà á.

Nígbà tí ó pé nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́jọ, Seppala ní ìrìn kan tí ó gba kíákíá láti gbé ẹnìkan lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wúrà. Ó pàṣẹ kí wọ́n so Togo mọ́lẹ̀ kí ó má bàa tẹ̀lé e. Ní òru, ajá náà já okùn, ó fo ọgbà onírin tí ó ga, wáyà mú un lẹ́sẹ̀, ó sì farapa kí ó tó bọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìsinmi ojú ọ̀nà tí Seppala sùn sí ni ó wá sùn sí nínú òjò dídì, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀. Nígbà tí ó sú Seppala, tí kò sì lè padà sílé nítorí rẹ̀, ó mú okùn, ó so ó mọ́ ìdí ọ̀wọ́ náà níbi tí yóò ti lè máa ṣọ́ ọ.

Kété tí okùn náà kan àyà rẹ̀, gbogbo ìpáǹle dópin. Ó tẹ orí, ó ń fà. Seppala rí i pé kò wo ọ̀tún wo òsì, ó gbé e síwájú díẹ̀. Ó tún ń ṣe dáadáa, ó tún gbé e síwájú. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ tí kò fà ọkọ̀ rí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá aṣíwájú, ó sì ti rin nǹkan bí 120 kìlómítà lórí òjò dídì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tí ń kọ́ ọmọ ajá níṣẹ́ yìí a máa fún un ní ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó lè rin díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1925, àrùn dìfítíríà bẹ́ sílẹ̀ ní Nome. Ọ̀fun ọmọdé ni àrùn yìí ń mú. Awọ kan a bò ó títí èémí yóò fi dí. Dókítà kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, Curtis Welch, oògùn tí ó sì ní lọ́wọ́ ti pẹ́ jù. Yìnyín ti sé etí òkun mọ́, kò sí ọkọ̀ ojú omi tí yóò dé kí ìgbà ooru tó wọlé. Àjàkálẹ̀ lùkúlùkú ọdún 1918 ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílùú tẹ́lẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí ń bọ̀. Welch tẹ wáyà síta pé kí wọ́n gbà wọ́n.

Wọ́n rí oògùn ní Anchorage, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e dé Nenana. Láti Nenana dé Nome jẹ́ 1,085 kìlómítà, bí ẹni ń lọ láti Èkó sí Kánò, láìsí títì, nínú òtútù tí ó lọ sísàlẹ̀ òdo ju ìwọ̀n 40 lọ ní ibòmíràn. Ọkọ̀ òfuurufú ìgbà náà kò ní ìbòrí, wọn kò sì gbà kí ó fò. Ogún awakọ̀ àti nǹkan bí 150 ajá ni wọ́n pín ọ̀nà náà láàárín ara wọn, tí ọ̀kan ń gbà á lọ́wọ́ èkejì.

Seppala gbéra láti Nome lọ pàdé oògùn náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Sigrid, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà nínú ìlú tí àrùn náà ti ń jà. Togo ni ó fi ṣe aṣíwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjìlá jẹ́ ọjọ́ ogbó fún ajá. Wọ́n ti rin nǹkan bí 270 kìlómítà kí wọ́n tó pàdé Henry Ivanoff tí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá Shaktoolik. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n kọjá ara wọn, nítorí Seppala kò mọ̀ pé wọ́n ti fi àwọn awakọ̀ mìíràn kún un. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó yí padà. Bí ó bá gba etí òkun, ọ̀nà yóò gùn. Bí ó bá gba orí omi dídì Norton Sound kọjá, ìjì lè já yìnyín náà gbé wọn lọ sínú òkun. Orí omi ni ó gbà, nínú òkùnkùn. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan, ariwo ìjì kò jẹ́ kí ó gbọ́ bí yìnyín ti ń dún. Togo ni ó ń wá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn náà lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́ ní Golovin, wọ́n ti gbé e rin 146 kìlómítà, kò sì sí ọ̀wọ́ mìíràn tí ó rin tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín tí wọ́n gbà kọjá sì fọ́ láìpẹ́ lẹ́yìn wọn.

Oògùn dé Nome ní ìdájí ọjọ́ kejì oṣù Kejì, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀. Sigrid kò kú. Gunnar Kaasen ni ó gbé e wọlé, ajá tí ó sì wà níwájú rẹ̀ ni Balto, tí òun náà ti inú ọgbà Seppala wá. Nítorí pé Balto ni àwọn oníwèé ìròyìn rí, òun ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ère rẹ̀ ti dúró ní ọgbà ìgbafẹ́ Central Park ní New York. Balto ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 85 kìlómítà ni ó rìn, ọ̀rọ̀ náà sì dun Seppala títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 1967.

Ní ti Togo, kò dúró gbọ́ ìyìn ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ti ń darí bọ̀ sí Nome, ó rí àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù, ó já okùn, òun àti ajá mìíràn kan sì gbá tọ̀ ọ́ wọ inú òjò dídì lọ, gan-an bí ìgbà tí ó wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó padà sílé. Ìpínlẹ̀ Maine ni ó ti lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀, ní ibi tí ó ti bí ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sì kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ọdún 1929. Wọ́n bó awọ rẹ̀, wọ́n sì kì í bí ẹni tí ó wà láàyè. Ère tirẹ̀ kò dé New York àfi ní ọdún 2001, ní ọgbà Seward Park. Awọ náà wà ní Wasilla ní Alaska nísinsìnyí, nínú àpótí onígíláàsì, ní ọ́fíìsì àwọn tí ń ṣètò Iditarod, eré ìje ajá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ní ọdọọdún, wọ́n ń fi orúkọ Seppala sọ ẹ̀bùn kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé kọ́ ni wọ́n ń fún un. Awakọ̀ tí ó bá tọ́jú àwọn ajá rẹ̀ jù lọ lójú ọ̀nà ni ó ń gbà á.